Nọ́mbà Ìrántí Ara Mọ́tò Ọkọ Mi

Nígbà tí àwọn aṣòfin ṣòfin pé kí a ra nọ́mbà ìrántí sára mọ́tò, èyí tí wọ́n ya afárá sí nítorí àjọ̀dún ìlú, ara mi ò gbà á. Nígbà tí àwọn aṣòfin mìíràn tún dé, tí wọ́n ní kí gbogbo wa lọ tú u dànù, ó wá dá mi lójú pé ẹnì kan ń jẹ níbẹ̀. Ọkọ mi máa ń sọ pé ìfura mi ti pọ̀ jù. Ó ra tirẹ̀, ó sì ń nù ún láràárọ̀ títí ikú fi mú un lọ.

Ibi tí òfin tuntun náà ti kọ mí lóminú nìyí: bí ẹni tó ni mọ́tò bá ti kú, orúkọ tí ẹbí rẹ̀ bá dá ní ọ́fíìsì ni wọn yóò kọ mọ́ nọ́mbà tuntun, ẹni náà ló sì ni mọ́tò. Mọ́tò yìí nìkan lọkọ mi fi sílẹ̀ fún mi. Òun ni awakọ̀ tí mo gbà fi ń kó búrẹ́dì tí mò ń ṣe kiri. Èmi ò mọ mọ́tò wà.

Ni Adúmáadán, àbúrò ọkọ mi, bá dé. Ẹni tí kò yọjú látìgbà tí a ti sin ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló mú sípánà dání láàárọ̀, tó ń rẹ́rìn-ín.

"Ìyàwó wa, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu. Màá bá yín gbé mọ́tò lọ gba nọ́mbà tuntun."

"Ẹ jẹ́ kí n yọ búrẹ́dì tán, ká jọ lọ."

"Èrò ti pọ̀ níbẹ̀. Ẹ jókòó yín jẹ́ẹ́."

Kí n tó rí aṣọ fi mú abọ́ gbígbóná, ó ti ṣíná. Búrẹ́dì jóná mọ́ mi lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà, nítorí ọkàn mi ò sí nídìí ààrò.

Ọ̀sán pọ́n kó tó dé. Nọ́mbà funfun ti wà níwájú mọ́tò, afárá ti lọ. Ó ń súfèé. Ẹni tó tò sórí ìlà nínú oòrùn, tó wá ń súfèé? Mi ò gbà.

"Orúkọ ta ni wọ́n kọ?"

"Orúkọ yín ni. Ìṣojú mi báyìí ni akọ̀wé ti kọ ọ́. Èmi ni mo pè é sí i létí."

"Ẹ ṣé o. Kí lẹ pè sí i létí?"

"Orúkọ yín náà ni."

"Kí ni orúkọ mi?"

Súfèé kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó wo táyà, ó wo òrùlé. Láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé wọn, Ìyàwó wa ni mí, kò sẹ́ni tó bi mí ní òmíràn. Inú mi kọ́kọ́ dùn pé ọwọ́ mi tẹ̀ ẹ́, àfi bí omi ṣe lé sójú mi. Ẹnì kan ṣoṣo tó ń pe orúkọ mi nínú ilé yẹn ti wà nínú ilẹ̀.

"Ìyàwó wa..." ló bẹ̀rẹ̀.

Mo ṣílẹ̀kùn mọ́tò, mo jókòó síwájú pẹ̀lú fúláwà lára.

"Ẹ padà sídìí ìtọ́kọ̀," ni mo wí. "Wọn ò tíì ti ọ́fíìsì. Èmi fúnra mi ni màá lọ pe orúkọ mi fún wọn."