Ìlà Mẹ́sàn-án Nínú Ife

Àjíǹde ni wọ́n ń pe ẹnjiníà náà níbi iṣẹ́, orúkọ yẹn sì dùn mọ́ ọn ju èyí tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ lọ. Ọdún mẹ́fà gbáko ló fi kọ ètò kọ̀ǹpútà tí yóò máa darí ẹ̀rọ tó ń fún àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ lóògùn nílé ìwòsàn. Bí apá kan ètò náà bá kú lójijì, ìyókù á jí i, iṣẹ́ á sì máa lọ. Bó o bá lọ jókòó tì í nídìí oúnjẹ, o gbé. Wàá gbọ́ ìtàn náà títí ọbẹ̀ á fi tutù.

Lọ́jọ́ àyẹ̀wò, ife onílà tí wọ́n fi ń wọn oògùn ni wọ́n gbé sábẹ́ ẹ̀rọ dípò ọmọ, omi ló sì dípò oògùn. Ọ̀gá ilé iṣẹ́ ti mú bírò dání: bí ẹ̀rọ bá yege, ó di wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé lọ́jọ́ Ajé. Àjíǹde mọ̀ọ́mọ̀ pa apá kan ètò náà láàárín iṣẹ́. Ojú ẹ̀rọ ṣókùnkùn. Kéèyàn tó ṣẹ́jú, ó ti tàn padà, omi ń kán. Wọ́n pàtẹ́wọ́, Àjíǹde sì ń yan kiri yàrá bí ọkọ ìyàwó.

Àgbà nọ́ọ̀sì tó wá láti wọ́ọ̀dù náà nìkan ni ò pàtẹ́wọ́. Ife ló tẹjú mọ́.

"Màmá, òkè ni àrà náà wà o, ìsàlẹ̀ lẹ̀ ń wò," Àjíǹde fi í ṣẹ̀fẹ̀.

"Mo ti rí tòkè, ọkọ mi. Ìlà márùn-ún lo ní kó fún ọmọ. Mẹ́sàn-án ló wà níbí."

Gbogbo wọn sún mọ́ ife náà. Ètò náà jí lóòótọ́, àmọ́ ó ti gbàgbé pé òun ti fún ọmọ ní ìlà mẹ́rin kóun tó kú, ló bá tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

"Tó bá jẹ́ ọmọ ńkọ́, mà?" Àjíǹde bi í.

"Á sùn. Kò ní jí."

Ojú gba Àjíǹde tì, ẹ̀rù sì bà á. Ọ̀gá ní nǹkan kékeré ni, kí wọ́n jẹ́ kí òun fọwọ́ síwèé àṣẹ ná, wọ́n á tún un ṣe tó bá yá. Àjíǹde bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fọwọ́ ara rẹ̀ yọ wáyà ẹ̀rọ lára ògiri.

"Màmá, tí nọ́ọ̀sì kan bá lọ, tí òmíràn gbaṣẹ́, báwo lẹ ṣe ń ṣe é?"

"Bá a ṣe ń fún un là ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tó bá dé á kà á kó tó fọwọ́ kan ọmọ." Ó wò ó látòkè délẹ̀. "Àbí ètò tiyín ò mọ̀wé ni?"

Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, kò sí ẹ̀rọ tuntun ní wọ́ọ̀dù. Àgbà nọ́ọ̀sì fún ọmọ kan lóògùn, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Àjíǹde dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ń wo bó ṣe ń kọ ọ́. Ọmọ náà sùn fún wákàtí méjì, ó jí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún oúnjẹ.