Bàbá Màrdíyyàh Ní Orí Ló Ń Fọ́ Òun

Bí ẹ bá dé gáréèjì Ìwárò ní Ọ̀kà, tí wọ́n bá sọ fún yín pé obìnrin kan já kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ gbà lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀ lójú èrò méjìdínlógún, ẹ má wulẹ̀ bi wọ́n lórúkọ rẹ̀. Èmi ni. Safinat aránṣọ. Mo já a gbà, mo sì tún máa já a gbà lọ́la bí ọ̀rọ̀ bá tún rí bẹ́ẹ̀. Àwọn kan ní mi ò níwà. Ẹ jẹ́ kí n rò ó fún yín, kí ẹ fúnra yín dá ẹjọ́ náà.

Ọkọ mi ni Badmus. Bọ́ọ̀sì ló ń wà, Ọ̀kà sí Ìkàrẹ́, Ìkàrẹ́ sí Ọ̀kà, ó ti tó ọdún mọ́kàndínlógún báyìí. Bàbá Màrdíyyàh ni mò ń pè é, torí àkọ́bí wa. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Bí inú bá bí i, yóò kàn yí rédíò sókè ni. Èmi ni mo máa ń bínú fún àwa méjèèjì.

Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ tí mò ń wí yìí, orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ ní ìrọ̀lẹ́. Apá ọ̀tún ni, láti òkè ojú lọ dé ẹ̀bátí. Gbogbo ilé ní túúlu ni. Ẹ̀yin náà mọ túúlu, orí tó máa ń fọ́ lápá kan, tí èèyàn kì í fẹ́ rí ìmọ́lẹ̀, tí kì í fẹ́ gbọ́ ariwo. Ẹnì kan tó ń kiri oògùn ní gáréèjì ta oògùn ọ̀fìnkìn fún un, ó ní kò sí túúlu tí kì í lé lọ. Ọkọ mi ń lò ó. Ní ìrọ̀lẹ́ kan ó wọlé tẹ̀rín tẹ̀rín, ó ní iná ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti Àkùngbá ti ń da òṣùmàrè bo ara, pé pupa àti àwọ̀ ewé ń yí iná náà ká. Mo ní bóyá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ló ń ṣe títì lọ́ṣọ̀ọ́ dè é. A jọ rẹ́rìn-ín. Ọlọ́run dárí jì mí, mo fi rẹ́rìn-ín.

Àmọ́ mo ṣàkíyèsí ohun kan. Bí orí bá ti ń fọ́ ọ, ojú ọ̀tún ló máa ń fi ìka tẹ̀. Mo bi í bóyá ojú ló ń dùn ún. Ó ní rárá, orí ni. Mo tún bi í lọ́jọ́ kejì. Ó yí rédíò sókè.

Ó wá di Ọjọ́bọ̀ kan. Agogo mẹ́wàá àárọ̀ kò tíì lù nígbà tó ti ìrìnàjò àkọ́kọ́ dé, tó ń di orí mú. Ti ọ̀tẹ̀ yìí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo ṣe ohun tí ìyàwó rere ń ṣe. Mo ní kó lọ dùbúlẹ̀ ní yàrá, mo ti fèrèsé, mo fa kọ́tìnì, mo tún fi aṣọ dí ibi tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà yọjú. Yàrá ṣókùnkùn biribiri. Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù mi níwájú ilé, inú mi dùn sí ara mi.

Kò pé wákàtí kan tí mo gbọ́ tó ń bì. Kí n tó sáré dé ẹnu ọ̀nà yàrá, ó ti ń wọ bàtà. Ó ní wọ́n ti pe òun láti gáréèjì, pé òun ló kàn láti gbéra, èrò ti kún inú ọkọ̀. Mo ní kò lọ síbì kankan. Mo lọ bu omi tó máa fi ṣan ẹnu, kí n tó dé, ó ti gba ẹ̀yìnkùlé jáde. Ọkùnrin jẹ́jẹ́, ẹ bá mi wò ó. Mo fa híjáàbù mi wọ̀, mo gbá tẹ̀lé e.

Nígbà tí mo dé gáréèjì, ó ti jókòó sídìí ọkọ̀, ẹ́ńjìnnì ti ń dún. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé rẹ̀. Oòrùn wà lójú rẹ̀ dáadáa, ibẹ̀ ni mo ti rí i. Ojú ọ̀tún pọ́n bí ata. Ìyẹn kọ́ ló bà mí lẹ́rù. Dúdú ojú náà, tó yẹ kó máa dán, ti ṣú bàìbàì bíi gíláàsì tí èèyàn mí sí.

Mo fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú òsì rẹ̀. Ike omi rẹ̀ wà níwájú, mo gbé e sókè gan-an níwájú ojú ọ̀tún, mo ní, "Kí ni mo gbé dání?"

Ó ní, "Kò sí nǹkan kan lọ́wọ́ ẹ."

Ìgbà yẹn ni mo na ọwọ́ wọlé, tí mo pa ẹ́ńjìnnì, tí mo já kọ́kọ́rọ́ gbà.

Ariwo sọ. Ọkùnrin kan láti ẹ̀yìn ní kí n lọ parí ìjà ilé sí ilé. Mo ní bó bá wù ú kí awakọ̀ olójú kan gbé e sọ̀ kalẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Àkùngbá, kọ́kọ́rọ́ nìyí, ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ pe ìyàwó rẹ̀ kó sọ fún un pé ó dìgbà. Bàbá Màrdíyyàh rọra ń sọ fún mi pé mo ti dójú ti òun, pé orí ni, orí lásán. Mo ní gbogbo ayé ló mọ̀ pé ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, tiwa nìkan ló ń fi orí ṣọ́ ojú.

Ìyá àgbà kan wà ní ìjókòó iwájú, Ìyá Theresa, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ará Ìkun. Wọ́n wọ gíláàsì dúdú. Wọ́n wá bi mí bóyá ó ti bì. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n bi ọkọ mi bóyá iná máa ń ní òrùka lára lójú rẹ̀. Èmi ni mo dáhùn fún un pé bẹ́ẹ̀ ni. Ìyá yọ gíláàsì wọn. Ojú wọn kan ti funfun báláú. Wọ́n ní túúlu ni wọ́n pe tàwọn náà, pé ọjọ́ mẹ́ta làwọn fi dùbúlẹ̀ nínú yàrá tó ṣókùnkùn, nígbà tí orí sì máa fi jáwọ́, ojú ti bá a lọ.

"Túúlu wà lóòótọ́, ó sì pọ̀," wọ́n ní. "Ṣùgbọ́n túúlu kì í sọ ojú di báyìí. Ẹ má tún tẹ́ ẹ sínú òkùnkùn mọ́. Kì í ṣe ọjọ́ lẹ ní, wákàtí lẹ ní."

Hussain, awakọ̀ tó kàn lẹ́yìn ọkọ mi, kò dúró kí ẹnikẹ́ni bẹ òun. Ó ti ọkọ mi sún lọ sáàárín, ó gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi, èmi náà há ara mi mọ́ ẹnu ilẹ̀kùn, ọkọ̀ gbéra.

Ẹ ò rí eré lọ́jọ́ náà. Láti Ìwárò ni Hussain ti fi ọwọ́ lé fèrè, kò gbé e kúrò. Àwọn èrò yọ orí lójú fèrèsé, wọ́n ń fi ọwọ́ lé ọlọ́kadà kúrò lọ́nà. Ọkùnrin ẹ̀yìn tó ní kí n lọ parí ìjà nílé ni ohùn rẹ̀ ròkè jù. A dé Àkùngbá, obìnrin tó fẹ́ bọ́ọ́lẹ̀ níbẹ̀ ní ẹ má dúró, òun á ti Ìkàrẹ́ padà. Ẹ̀rù ń bà mí, síbẹ̀ mi ò lè purọ́, orí mi ń wú láti rí àwọn èèyàn tí mi ò mọ̀ rí tí wọ́n ń sáré nítorí ojú ọkọ mi. Òun tẹ orí sáàárín orúnkún, ó ń bì sínú ọ̀rá.

Ilé ìwòsàn ojú tí Ìyá Theresa júwe wà nítòsí ọjà ní Ìkàrẹ́. Ó kún. Ọmọbìnrin tó ń kọ káàdì mú bírò, ó bi wá kí ló ṣẹlẹ̀. Kí n tó la ẹnu, ọkọ mi ti dáhùn.

Ó ní, "Orí ló ń fọ́ mi."

Ọmọ náà kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní bó bá jẹ́ orí ni, ọsibítù gbogbogbòò ló yẹ ká gbà lọ, bí a bá sì fẹ́ dúró, ẹni mẹ́tàlélógójì ló wà níwájú wa. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ẹ mọ̀ mí, mo sọ tó. Ó ní kí n má bínú, ẹni tó ń ṣàìsàn ló yẹ kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó ń ṣe é. Ẹnu mi tí kì í já mi kulẹ̀ kò wúlò fún mi lọ́jọ́ náà.

Mo fa ọkọ mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Mo bi í pé kí ló dé, àbí ó fẹ́ kú ni. Ó fi orí ti ògiri. Ohun tí kò sọ fún mi láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ẹ ló wá sọ. Bàbá rẹ̀, tí mo bá nílé ní afọ́jú, tí mo rò pé ogbó ló fà á, kò tíì pé àádọ́ta ọdún nígbà tí ojú wọn lọ.

Ó ní, "Bàbá mi sọ ọ́. Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n fi ẹnu ara wọn sọ pé ojú àwọn ń fọ́, ọ̀sẹ̀ yẹn náà ló fọ́. Mi ò ní sọ ọ́."

Ọ̀rọ̀ náà yé mi. Bí orí bá ń fọ́ èèyàn, á lo oògùn, á sì lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ojú rẹ̀ bá fọ́ ti di afọ́jú. Ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ta ló máa fi ẹnu ara rẹ̀ pe ìyẹn lé ara rẹ̀ lórí? Mo wá ìbínú tì.

Mo rọra bi í pé, "Kó tó di ọ̀sẹ̀ yẹn, kí ni Bàbá máa ń sọ pé ó ń ṣe àwọn?"

"Orí," ó ní. "Gèlè ìyá mi ni wọ́n fi máa ń dì í pinpin."

Òun náà gbọ́ ohun tó ti ẹnu rẹ̀ jáde. Ó wá yí padà, ó ń fi ọwọ́ tọ ògiri títí ó fi dé ọ̀dọ̀ ọmọ oníkáàdì, ó sì sọ ọ́ sókè tí gbogbo wọn fi gbọ́.

"Ojú mi ń fọ́. Ti ọ̀tún ni. Mi ò ríran níbẹ̀ mọ́ láti àárọ̀."

Ọmọ náà dìde, ó wo ojú rẹ̀ dáadáa fún ìgbà àkọ́kọ́, ó sì sáré wọ inú lọ. Kí n tó mí, nọ́ọ̀sì méjì ti dì í mú lọ́tùn-ún lósì. Kò sẹ́ni tó bèèrè nọ́ńbà wa nínú àwọn mẹ́tàlélógójì náà. Wọ́n gbé ẹsẹ̀ kúrò lọ́nà.

Dókítà tó tọ́jú rẹ̀, Dókítà Ìrètí, kéré lójú, ọwọ́ rẹ̀ sì yá. Ó fi ẹ̀rọ wọn bí omi inú ojú náà ṣe le tó, ó ní ó ju ìlọ́po mẹ́ta iye tó yẹ lọ. Ó ń kán oògùn sí i, ó ń fún un lábẹ́rẹ́, ó sì ń ṣàlàyé fún mi. Ó ní ẹyinjú máa ń sun omi nínú, omi náà sì ní ojú ihò tó ń gbà jáde. Nínú ìdílé mìíràn, ọ̀nà náà há láti ìbí. Bó bá dí pátápátá, omi á kún, á máa ti ojú, ìrora á gun orí, inú á sì máa ru sókè. Ó ní òkùnkùn máa ń jẹ́ kí dúdú ojú là gbàgà kó sì dí ọ̀nà yẹn, oògùn ọ̀fìnkìn mìíràn sì máa ń ṣe bákan náà.

Mo ní, "Ó túmọ̀ sí pé èmi tí mo ti fèrèsé…"

Ó ní mi ò ṣáà mọ̀ tẹ́lẹ̀. Kò tù mí nínú. Mo jókòó síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìyá Theresa, tí wọ́n kọ̀ láti lọ síbi tí wọ́n ń lọ, mo sunkún nítorí fèrèsé tí mo tì bí ìyàwó rere. Ìyá ò bá mi wí. Wọ́n kàn ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́, pé ọkọ mi sì ti sọ̀rọ̀.

Mo kírun ọ̀sán. Nọ́ọ̀sì ní ìrora ti ń rọlẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní ó ti sùn. Ó kù díẹ̀ kí wọ́n pe ìrun àsàrì ni wọ́n ní kí n wọlé. Dókítà ní wọ́n ṣì máa fi ẹ̀rọ ìmọ́lẹ̀ kan lu ihò tó kéré púpọ̀ sí ojú méjèèjì kí omi lè máa rí ọ̀nà gbà, kí n sì kó àwọn ọmọ wa wá kí wọ́n yẹ ojú wọn wò. Mo ní a máa ṣe é. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni ọ̀kan ṣoṣo.

Dókítà ní kí n dúró sí ọ̀ọ́kán ibùsùn. Ó fi ọwọ́ bo ojú òsì ọkọ mi, ó ní kó sọ ohun tó ń rí. Bàbá Màrdíyyàh ń ṣẹ́jú. Mo di ẹ̀yìn àga kan mú.

Ó ní, "Obìnrin kan. Ó ṣe bàìbàì díẹ̀."

Ó tún ṣẹ́jú, ó yọ ọrùn síwájú.

"Ìyá Màrdíyyàh," ó ní, "òdì lo wọ híjáàbù ẹ. Ojú rírán ló wà níta."

Mo wo ara mi. Òótọ́ ni. Gbogbo ojú rírán rẹ̀, gbogbo òwú tí mi ò gé, wọ́n hàn kedere níwájú àyà mi. Èmi aránṣọ, láti Ọ̀kà dé Ìkàrẹ́, níwájú gbogbo èrò ọkọ̀, níwájú ẹni mẹ́tàlélógójì, kò sì sí ẹni tó sọ fún mi. Nọ́ọ̀sì ti ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín gbé èmi náà, omi sì ń bọ́ lójú mi, mi ò lè dá a dúró.

Mo ní kó tún un sọ.