Agídìgbo Tí Kò Fọhùn Lórí Òkè Ayérọ̀

Ẹ jókòó, kí n rọ́ àlá tí mo lá lọ́sàn-án àná fún yín. Ọ̀sán ni o, kì í ṣe òru. Ẹ̀bà ni mo jẹ yó tí oorun fi gbé mi lọ lórí bẹ́ǹṣì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ rín in, èmi náà ti rín tèmi.

Ẹ ṣáà mọ̀ pé èmi ni mo máa ń lu agídìgbo fún àwọn àlejò tó ń wá gbafẹ́ lórí Òkè Ayérọ̀. Ní gbogbo Sátidé, ọdẹ kan á sun ìjálá, àwọn obìnrin Ìsàlẹ̀ Odò á jó, èmi á sì fi agídìgbo kásẹ̀ rẹ̀ nílẹ̀.

Nínú àlá náà, mo gbé agídìgbo léjìká, mo ń gun àtẹ̀gùn òkúta lọ. Àtẹ̀gùn kan ní kí n bọ́ bàtà. Mo bọ́ ọ. Ó ní kí n bọ́ fìlà. Mo bọ́ ọ. Ó ní òun fúnra òun ò mọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi bàtà àti fìlà ṣe, pé iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún òun náà nìyẹn. Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o," mo bá tèmi lọ.

Mo gbé ẹsẹ̀ lé èyí tó tẹ̀lé e, àṣé kì í ṣe àtẹ̀gùn, agbada ni. Epo inú rẹ̀ tutù, àkàrà sì ń lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn yọ orí síta, ó ní, "Ẹ yára, bọ̀dá, àwọn àlejò ti jókòó." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo fò kọjá.

Lóòótọ́ ni wọ́n ti jókòó. Inú igbá ni kálukú jókòó sí, igbá náà sì ń yí díẹ̀díẹ̀, kò sẹ́ni tó kà á sí. Àwọn obìnrin Ìsàlẹ̀ Odò ti ń jó. Ẹsẹ̀ wọn nìkan ló wá, àwọn fúnra wọn wà nílé, wọ́n ń ṣa ẹ̀fọ́. Ẹsẹ̀ náà mọ ijó jó ju bí mo ṣe ń rí i tẹ́lẹ̀ lọ. Nígbà tí ọdẹ bẹ̀rẹ̀ ìjálá, ẹtu kan dìde níwájú, ó ní oríkì òun kò pé, kí ọdẹ tún un sun láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọdẹ bẹ̀ ẹ́, ó tún un sun.

Ló bá kàn mí. Mo gbé agídìgbo sórí itan, mo fi àtàǹpàkò tẹ irin rẹ̀. Kò dún. Mo tún un tẹ̀. Ni agídìgbo bá húkọ́ lórí itan mi.

"Ìbà ta lo jú?" ló bi mí.

"Mo júbà ọba. Mo júbà alága. Mo júbà àwọn àlejò wa."

"Ó ku ẹnì kan."

"Mo júbà ọ̀gá ibi ìgbafẹ́."

"Ó ṣì ku ẹnì kan."

Ẹ jẹ́ kí n dúró níbí kí n sọ òdodo ọ̀rọ̀, torí èyí kì í ṣe àlá. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, Ọ̀gbẹ́ni Ládéìndé, ọ̀gá ibi ìgbafẹ́ náà, pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní ìbà mi ti gùn jù, pé àwọn àlejò ń yán, kí n gé e kù. Orúkọ tí mo gé ni ti Bàbá Ọnàwùmí. Bàbá yìí ló gbẹ́ agídìgbo mi, òun ló sì kọ́ mi ní lílù rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà. Mo ní ará ilé ni, kò ní bínú. Bàbá sì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí mo gé e, iwájú gan-an ló jókòó sí. Ó gbọ́ ọba, ó gbọ́ alága, ó retí tirẹ̀, kò gbọ́ ọ. Ó dìde, ó ká ẹní rẹ̀, ó sì rọra sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè. Láti ọjọ́ náà kò ya ilé mi mọ́. Èmi náà kò lọ, ojú ń tì mí.

Ká padà sínú àlá. Agídìgbo ní, "Lọ sí ọ́fíìsì, kí wọ́n bá ọ wá orúkọ náà."

Òfuurufú ni ọ́fíìsì wà. Wọ́n fi okùn so ó mọ́ èèkàn kí afẹ́fẹ́ má baà gbé e lọ. Mo gun okùn náà dé ẹnu ọ̀nà, mo kan ilẹ̀kùn. Ọ̀gbẹ́ni Ládéìndé jókòó sẹ́yìn tábìlì, ó ń jẹ ìwé.

"Ẹ káàsán, sà. Orúkọ kan ni mo wá gbà."

"A ti gé e," ni ó wí.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ bá mi dá a padà. Agídìgbo kò fọhùn."

Ó fẹ́ dá mi lóhùn, ó hu irùngbọ̀n, ìwo yọ lórí rẹ̀, ó sì ní, "Mẹ́ẹ̀." Ó ti di obúkọ. Ìyẹn kò yà mí lẹ́nu. Ohun tó dùn mí ni pé mo rí i pé orúkọ bàbá wà lára ìwé tó ń jẹ. Mo dì í mú, mo fà á. Òun náà fà á, ó gbé e mì. Mo ní kò burú, màá fi ẹnu ara mi pè é. Mo la ẹnu. Orúkọ kò wá. Mo rántí ojú bàbá, mo rántí bó ṣe ń húkọ́, orúkọ kò wá. Ẹ̀rù bà mí níbẹ̀, mo sì sunkún.

Ohùn agídìgbo ló jí mi. Tín-ín, tín-ín. Mo lajú. Obúkọ kan dúró lórí agídìgbo mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó fi pátákò tẹ irin rẹ̀, fìlà mi sì wà lẹ́nu rẹ̀. Mo wo aṣọ pupa tí wọ́n so mọ́ ọn lọ́rùn. Obúkọ Bàbá Ọnàwùmí ni. Èèpo iṣu ló máa ń wá jẹ nílé wa. Tẹ́lẹ̀, bàbá á wá a wá, á sì bá mi jókòó títí ilẹ̀ á fi ṣú. Láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, obúkọ nìkan ló ń wá, tó ń dá lọ.

Ìyàwó mi ké láti inú ilé. "Bàbá Tinúọlá, ẹ kúkú lé ẹran yẹn jáde!"

"Rárá o," mo ní. "Màá fà á lọ sílé rẹ̀."

Bàbá ń gbẹ́ igi nígbà tí mo dé, kò gbé ojú sókè. Mo di okùn obúkọ mú, mo dọ̀bálẹ̀ síbẹ̀.

"Mo júbà Bàbá Ọnàwùmí, tó gbẹ́ agídìgbo mi, tó kọ́ mi ní lílù."

Bàbá fẹ́ ẹ̀rún igi kúrò lára ọ̀bẹ.

"Gbogbo ẹ̀ náà nìyẹn?" ló bi mí. "Kò mà gùn."

Ó sún lórí ẹní kí n lè rí ibi jókòó sí, ó sì ní kí n gba fìlà mi lẹ́nu obúkọ òun.