Ọ̀nà Tí Olè Gbà Gbé Jíìpù

Ní ọdún mọ́kàndínlógún sẹ́yìn, ọkùnrin kan tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Kògbàgbé dúró níwájú ọlọ́pàá, ó na ìka sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó jẹ́ wẹ́dà, ó ní, "Òun ló jó irin ìdènà tó wà nínú jíìpù mi. Òun nìkan ló mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí i. Bí kì í bá ṣe òun ló jí i gbé, òun ló lanà fólè."

Irọ́ ni. Kògbàgbé kò ti irin ìdènà náà rárá lọ́jọ́ yẹn. Sítátà jíìpù ti kú. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti lè ṣiṣẹ́ láàárọ̀, Kògbàgbé kì í pa á títí di ìrọ̀lẹ́, kó má baà tún máa bẹ ènìyàn kí wọ́n wá bá a tì í. Ó fi í sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù oníṣíméǹtì, kọ́kọ́rọ́ wà lára rẹ̀, ẹ́ńjìnnì ń kùn, ó wọlé lọ. Ẹni tó gbé e kò lo ọgbọ́n kankan. Ó jókòó, ó wa mọ́tò lọ. Ojú ti Kògbàgbé láti sọ bẹ́ẹ̀, ló bá wá ẹni tí yóò gbé ẹrù náà rù.

Ọjọ́ méjìlélógójì ni Wẹ́dà lò ní àtìmọ́lé, wọ́n sì lù ú lálùbolẹ̀. Nígbà tó jáde, kò sẹ́ni tó gbé iṣẹ́ gidi fún un mọ́. Ta ni yóò ní kí ẹni tó ń lanà fólè wá jórin sí fèrèsé òun?

Ẹ wá wo ìwà ọmọ aráyé: ẹni tó ṣẹni ló tún yan ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ lódì. Bí Kògbàgbé bá rí Wẹ́dà lápá ọ̀tún, á bọ́ sápá òsì. Ó di odì náà mú bí ẹni tó di òrùlé mú nínú ìjì, torí ó mọ̀ pé bí òun bá jùwọ́ sílẹ̀ pẹ́nrẹ́n, ìhòòhò òun ló máa hàn síta.

Jíìpù mìíràn ló ń wà báyìí, arúgbó bíi ti àkọ́kọ́. Òun ló fi ń gbé ìyàwó rẹ̀ lọ sọ́sibítù lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀ kí wọ́n lè fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, nítorí kíndìnrín obìnrin náà méjèèjì ti dáṣẹ́ sílẹ̀. Ọ̀nà ilé wọn bàjẹ́ débi pé mọ́tò kékeré kì í dé ibẹ̀. Láàárín oṣù kan, olè ti gbé irú jíìpù bẹ́ẹ̀ mẹ́ta ládùúgbò. Kò ní ẹ̀rọ tó ń ké. Wáyà méjì péré ni olè máa so pọ̀. Kògbàgbé fi ṣéènì de sítíárìn, ó ń tú bátìrì gbé wọ yàrá. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó bá ṣéènì náà tí wọ́n ti fi ayùn rẹ́ dé ìdajì.

Ìyàwó rẹ̀ ní, "Bàbá àwọn ọmọ, ẹ lọ bá Wẹ́dà."

"Wẹ́dà wo?"

"Wẹ́dà mélòó lẹ bá jà?"

"Màá máa sùn sínú mọ́tò, màá ṣọ́ ọ."

"Ẹ ó máa ṣọ́ mọ́tò, oorun ó máa ṣọ́ yín. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo pa ọ́sibítù jẹ, ẹsẹ̀ mi wú bí ìrọ̀rí. Bí jíìpù yẹn bá lọ, èmi náà lọ nìyẹn. Ṣé odì yín lẹ máa gbé mi gùn?"

Kògbàgbé gbé e jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀ nínú jíìpù, ó wa mọ́tò lọ sọ́dọ̀ Wẹ́dà.

Abẹ́ páànù kan, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọganáísà kan tó ń lẹ táyà, ni Wẹ́dà ti ń ṣiṣẹ́. Ó yọ awò dúdú kúrò lójú. "Háà! Ta ni mò ń wò yìí? Àbí ojú mi náà ti bàjẹ́?"

Fọganáísà bú sẹ́rìn-ín.

"Iṣẹ́ ni mo gbé wá," ni Kògbàgbé wí. "Irin tí yóò de sítíárìn mọ́ kílọ́ọ̀ṣì."

Wẹ́dà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo inú mọ́tò, ó kí obìnrin náà, ó fọwọ́ ra ojú ibi tí wọ́n ti rẹ́ ṣéènì.

"Mo lè ṣe é. Ṣùgbọ́n o mọ iṣẹ́ mi. N kì í dí ihò tí mi ò tíì rí ẹnu rẹ̀. Gbogbo ẹni tí mo ṣe irú irin yẹn fún, kò sí olè tó ṣí tiwọn. Tìrẹ nìkan ni. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń rò ó. Ibo ni olè gbà?"

"Ìyẹn ti pẹ́."

"Bí mi ò bá mọ̀ ọ́n, mi ò ní fọwọ́ kàn án. Bí wọ́n bá tún gbé e, èmi náà ni wọ́n á tún wá mú."

Kògbàgbé wo ìyàwó rẹ̀. Obìnrin náà ti fi orí ti gíláàsì, ojú rẹ̀ wú. Ọ̀la ni ọjọ́ ọ́sibítù. Ó súnmọ́ Wẹ́dà, ó wo ilẹ̀, ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́.

"Kí lo wí?" Wẹ́dà fọwọ́ kan etí òsì. "Èyí ni wọ́n gbá ní àgọ́ ọlọ́pàá. Kò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Sọ ọ́ sókè."

Fọganáísà pa ẹ̀rọ atẹ́gùn rẹ̀.

"Olè ò ṣí nǹkan kan!" Kògbàgbé gbé ohùn sókè. "Mi ò ti irin náà. Mo fi ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́, mo wọ ṣọ́ọ̀bù lọ. O ò jí i, o ò mọ ohunkóhun nípa ẹ̀. Èmi ni mo parọ́ mọ́ ọ."