Àwọn Tó Gun Orí Ilé Cornelius

"Ẹni tó máa rẹ́ Cornelius jẹ, ìyá ẹ̀ ò tíì lóyún ẹ̀! Mushin ni mo gbé o! Olè Mushin gan-an máa ń kí mi kó tó kọjá."

Bó ṣe máa ń fọ́nnu fún Àdìjátù, opó tó múlé gbè é lẹ́yìn igi emi, nìyẹn. Ìjọba ti ní kó fiṣẹ́ sílẹ̀ kó máa lọ sílé lọ́dún 1975, owó ilé Èkó sì lé e padà sí abúlé bàbá rẹ̀ lẹ́yìn Ìwéré-Ilé. Ilé koríko tí bàbá náà fi sílẹ̀ nìkan ló kù ú kù láyé. Ilé ọ̀hún ń jò bí ajere, òjò sì ti ń kóra jọ.

Síbẹ̀, ará abúlé ló ń bà á lẹ́rù ju òjò lọ. Wọ́n ń kí i jù! Ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ìdìde, ẹ kú atẹ́gùn. Tí Àdìjátù bá gbé iṣu sísun wá, Cornelius á yí i síwá, á yí i sẹ́yìn, bí ọlọ́pàá tó gba ẹrù òfin. "Kí ni wọ́n ń wá lọ́wọ́ mi gan-an?" Bó bá ń lọ wẹ̀, á fi àgádágodo ti ilẹ̀kùn, á gbé kọ́kọ́rọ́ kọ́rùn.

Ó ń wẹ̀ lọ́wọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan ló gbọ́ gìrìgìrì. Ó yọjú. Ọkùnrin bíi mélòó kan ti gun orí ilé rẹ̀, wọ́n ń tú koríko ibẹ̀ dà nù!

"Olè! Wọ́n ń jí òrùlé mi kó o!" Ó fò jáde tòun ti ọṣẹ lójú.

Ràmọ́nì, olórí wọn, bojú wolẹ̀. "Ẹ káàárọ̀, bàbá. Ẹ lọ róṣọ ná."

"Ta ló rán yín?"

"Ọ̀wẹ̀ ni. Abúlé kejì la ti wá. Wọ́n júwe ilé koríko tó ń jò lẹ́yìn igi emi, a sì wá bò ó."

"Èló?"

Ẹ̀rín pa wọ́n lórí òrùlé. "Ta ló ń gbowó ọ̀wẹ̀? Ẹ sáà wá nǹkan jíjẹ sílẹ̀."

"Ọ̀fẹ́? Ọ̀fẹ́ ni wọ́n fi ń mú èèyàn ní Mushin!" Cornelius wọ́ àkàbà kúrò, kí olè má baà rí ọ̀nà sá.

Olè ò tiẹ̀ wá ọ̀nà. Wọ́n ń tú koríko lọ ní tiwọn. Nígbà tí ilé dìhòòhò tán, òjò kù rìrì.

"Bàbá," ni Ràmọ́nì wí, "ilẹ̀ lọ́dọ̀ yín ni koríko tuntun wà o."

Cornelius wo ojú ọ̀run, ó rántí bẹ́ẹ̀dì bàbá rẹ̀ nínú ilé. Ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í ju koríko sókè, ó ń jù ú bí ẹni tí iná ń jó nídìí. "Ẹ gbà! Ẹ ṣe kíá, ẹ̀yin olè yìí!"

Wọ́n bò ó tán, Cornelius gbé àkàbà padà. Òjò dé bá wọn nínú ilé, wọ́n ń mu gàrí. Ẹ̀kán kan ò jò. Omi lé sí Cornelius lójú.

"Èkó? Mi ò lọ mọ́! Ẹ ò mọ̀ mí rí, ẹ sì ṣe mí báyìí! Ibí ni wọn ó sin mí sí!"

"Bí a ṣe máa ń ṣe nìyẹn," ni Ràmọ́nì wí, ó fẹ àyà.

Ni Àdìjátù bá ti ọjà dé, òjò ti lù ú dé egungun. Ó gbójú sókè, ó wo koríko tuntun títí.

"Ilé tèmi ni mo ní kí ẹ bò."