Má Ka Ibi Tí O Ti Bẹ̀rẹ̀

…nítorí náà, Ọmọ́títí mi, ìdánwò ìkọ́ni nìkan ló kù tó lè gbé ọ. Wò ó:

Èdè Yorùbá: 58
Ìtàn: 52
Ìṣirò: 31
Ìkọ́ni: ?

Kọ́lẹ́ẹ̀jì ń fẹ́ ìpíndọ́gba àádọ́ta lórí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí wọ́n tó fúnni ní sáfíkéètì. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ṣírò rẹ̀. O gbọ́dọ̀ gba 59. Bí o bá gbà á, a ó jọ máa kọ́ni ní Àgọ́-Ìwòyè níbí lọ́dún tó ń bọ̀. Bí o kò bá gbà á, èmi nìkan ni.

Má bẹ̀rù ìṣirò. Bí o bá ń kà síwájú, má ka ibi tí o ti bẹ̀rẹ̀.

Láńre rẹ
1961


1 (Àìkú)

Gbogbo nǹkan ní Òde-Omi ló ń rùn bí ẹja. Lẹ́tà olólùfẹ́ mi pàápàá.

ÈMI: Bàbá Bùsúyì, ẹ kú ọkọ̀ o. Ìgbà wo lọjà?
BÙSÚYÌ: Ọjọ́ karùn-ún òní. O ò ní rí ọmọ kankan kọ́ níjọ́ náà. Gbogbo wọn ló ń bá ìyá wọn lọ.

Mo fi ìka kà á. Ajé, Ìṣẹ́gun, Ọjọ́rú, Àlàmísì, Jímọ̀.

Jímọ̀ ni.


2 (Ajé)

Sí Ọ̀gbẹ́ni Ajíbádé, olùyẹ̀wò, Ìwopin.
Ẹ jọ̀wọ́ sà, Àlàmísì ni kí ẹ wá wo iṣẹ́ mi. Ọjà ni Jímọ̀.


3 (Ìṣẹ́gun)

Ohun tí mo kó jọ:
ìkarahun ọgọ́ta
ẹfun ìkọ̀wé mẹ́rin
búláòsì tí Láńre fẹ́ràn (kò ní sí níbẹ̀, mo mọ̀)


4 (Ọjọ́rú)

Mò ń rí àwa méjèèjì níwájú pátákó kan náà, tí ẹfun kún ọwọ́ wa.


5 (Àlàmísì)

AJÍBÁDÉ: Tíṣà, àwọn ọmọ dà?

Bẹ́ǹṣì. Bẹ́ǹṣì. Bẹ́ǹṣì.

Mo sáré dé etí omi. Olùyẹ̀wò ń bọ̀ lẹ́yìn mi. Bàbá ń tú okùn ọkọ̀.

ÈMI: Bàbá, ẹ ní ọjọ́ karùn-ún!
BÙSÚYÌ: Òun náà rèé.
ÈMI: Ọjọ́ kẹrin ni mo kà á sí.
BÙSÚYÌ: O ò ka Àìkú mọ́ ọn?
ÈMI: Ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀.
BÙSÚYÌ: Ṣé Àìkú kì í wá ṣe ọjọ́ ni?

Láńre. Láńre mi.

ÈMI: Ẹ wọ ọkọ̀, sà.
AJÍBÁDÉ: Èmi?
BÙSÚYÌ: Ẹ bọ́ bàtà o, alàgbà. Omi ò mọ ọ̀gá.


ÌWÉ ÌYẸ̀WÒ

Orúkọ: Ọmọ́títí Àlímì
Ibi tí a ti kọ́ni: ~~kíláàsì~~ ìdí àtẹ ẹja
Iye akẹ́kọ̀ọ́: ọmọ mọ́kànlá. Ìyá kan tó kọ́kọ́ ní kí wọ́n kúrò nídìí ọjà òun.
Ẹ̀kọ́: kíkà síwájú
Máàkì: (ó fọwọ́ bò ó)


1

Láńre mi,
Ọ̀gbẹ́ni Ajíbádé ní èsì á dé lọ́jọ́ karùn-ún òní. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó ni. Ó tún kàwé.

N kò bi í léèrè bóyá ó ka òní mọ́ ọn. Ọjọ́ méjèèjì ni n ó lọ dúró létí omi.