Ọkọ̀ Tí Kò Tíì Kún

Ó-Ku-Ẹnìkan ni wọ́n ń pe bàbá náà ní gáráàjì, torí bí ọkọ̀ rẹ̀ bá tiẹ̀ ṣófo fọ́ọ́, ohun tó máa ń ké náà nìyẹn. Àárọ̀ ọjọ́ yìí, ẹ wò ó, kò parọ́. Èrò mẹ́ta ti jókòó, àbíkẹ́yìn rẹ̀ obìnrin ṣe ìkẹrin. Ó ku ẹnì kan lóòótọ́.

Ọmọ náà ń lọ ṣe ìdánwò iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ńlá. Bí aago mẹ́wàá bá lù, wọ́n á ti ilẹ̀kùn. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti fi fóònù pe ọkọ̀, ó ti lọ. Òun ní ọkọ̀ bàbá òun lòun máa wọ̀. Ẹnu bàbá ò padé mọ́. Ó ń nu gíláàsì iwájú, ó ń kọrin:

Ọmọ mi jókòó níwájú,
ọkọ̀ wa á gbéra,
ọkọ̀ wa á gbéra o.

Ọkọ̀ ò gbéra. Àwọn ọ̀dọ́ ń kọjá lọ wìì, ojú wọn wà lórí fóònù, wọ́n ń lọ pàdé ọkọ̀ tiwọn lójú ọ̀nà kejì.

"Bàbá, mo lè sanwó ẹni méjì, ká máa lọ."

Alága gáráàjì ti gbọ́. "Orí là ń kà níbí, ìyá mi, a ò ka owó. Bí bàbá ẹ bá jáde láìkún, ta ni mo tún fẹ́ dá dúró?"

Bàbá yọjú wo aago ọwọ́ ọmọ rẹ̀, ó gbójú kúrò. "Pe ọkọ̀ orí fóònù yẹn."

"Bàbá…"

"Mo ní kí o pè é."

Ọkọ̀ dé, ó mọ́ roro. Kó tó yà sẹ́nu géètì, àwọn awakọ̀ ti yí i ká, ọ̀kan ti yí táyà dí i níwájú. Òfin wọn ni pé ọkọ̀ orí fóònù ò gbọdọ̀ gbé èrò níbẹ̀. Ta ló sì dá òfin náà lábàá nípàdé, tí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún? Bàbá yìí náà ni.

Ó sáré lọ bá wọn. "Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ mi ni."

"Ẹ̀gbọ́n, àwọn tá a dá dúró lánàá ńkọ́, ṣé wọn ò ní bàbá ni?" Ẹni tó sọ ọ́ ń rẹ́rìn-ín.

Ọwọ́ bàbá wà lórí táyà náà, kò lè yí i kúrò, kò lè fi í sílẹ̀. Awakọ̀ ọkọ̀ orí fóònù náà fi ẹ̀yìn rìn, ó yí orí ọkọ̀ padà, ó lọ. Ọmọ náà tún pe òmíràn, ó jìnnà réré. Ló bá padà wá jókòó, ó kó ọwọ́ lé itan. Kò bínú. Ìyẹn ló tún dun bàbá jù.

Nígbà tí obìnrin kan tó gbé àpótí wá ṣe ẹnì karùn-ún, aago mẹ́wàá ti lọ. Bàbá ṣáná sí ọkọ̀, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kíkankíkan.

"Bàbá, ẹ rọra," ni ọmọ wí. "Kò síbi tí mò ń kánjú lọ mọ́."